Ẹ Yí Kóńgò Náà Dojú Dé: Bí Ìjọba Ṣe Ń Wọn Ìṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará Ẹ̀pẹ́ sọ ní ọ̀sán Sátidé kan ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Ìbéèrè tí ìyá kan bi mí, mo fi í sí ibi tó ti bi mí gan-an, nítorí láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti gba ọ̀nà mìíràn.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìlú, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìjókòó.

Ìyá mi kì í ra gàárì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gba kóńgò rẹ̀ wò. Á yí i dojú dé, á fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi òòlù lu ìdí náà wọnú, á dá kóńgò padà, á ní ó dàbọ̀, á sì kọjá sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Kò ní jà, kò ní pariwo. Ẹni tó bá ń wo kóńgò yẹn láti òkè, á rí i pé gàárì kún un, ó tún ga bí òkìtì lórí. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Gbogbo iye tí ìjọba ń kà fún wa nípa òtòṣì, inú kóńgò kan ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ó sì ṣọ̀wọ́n kí wọ́n fi ìdí kóńgò náà hàn wá. Ohun tí mo bá wá nìyẹn. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé ìdí kóńgò.

Ìlà ìṣẹ́ ni orúkọ kóńgò tí mo ń wí. Ẹ ṣọ́ àmì orí rẹ̀ o: ìṣẹ́ ni mo pè, n kò pe iṣẹ́. Àwọn baba wa ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yín ní gbọ̀ngàn yìí: ẹni tó jí lọ sójú omi ní aago mẹ́rin ìdájí kò ṣe ọ̀lẹ, síbẹ̀ ìṣẹ́ kò tíì fi í sílẹ̀. Ìlà ìṣẹ́ jẹ́ iye owó kan. Bí ohun tí ènìyàn ń ná lọ́dún kò bá tó o, ìjọba á kọ ọ́ sílẹ̀ ní òtòṣì. Bí ó bá fi náírà kan lé e, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, gbé ìwé kan jáde lórí ìwádìí ilé-dé-ilé tí wọ́n ṣe láti 2018 wọ 2019. Wọ́n ní ìlà ìṣẹ́ ní Nàìjíríà jẹ́ ₦137,430 fún ẹnì kan lọ́dún. Wọ́n ní 40.1 nínú 100 ọmọ Nàìjíríà ló wà lábẹ́ ìlà náà, ìyẹn mílíọ̀nù 82.9 ènìyàn, láìka ìpínlẹ̀ Borno. Ní Ṣókótó, 87.7 nínú 100. Ní ìpínlẹ̀ Èkó tiwa ńkọ́? 4.5 péré.

(Gbọ̀ngàn kùn yìì. Bàbá kan ní iwájú ní, “Èkó wo nìyẹn?”)

Bàbá, Èkó yín náà ni. Ẹ jẹ́ ká yí i dojú dé. Ẹ pín ₦137,430 sí ọjọ́ 365: náírà 376 lójúmọ́. Nínú rẹ̀, ₦81,767 ni ti oúnjẹ lọ́dún, ó jẹ́ náírà 224 lójúmọ́. Èyí tó kù, ₦55,663, ni rẹ́ǹtì, ọṣẹ, kẹrosíìnì, aṣọ, oògùn, owó iléèwé ọmọ àti owó ọkọ̀. Náírà 152 lójúmọ́ ni gbogbo wọn jọ máa pín. Mo mọ̀ pé owó 2019 ni. Ẹ̀yin tó ń wọ ọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ajah lọ́dún yẹn mọ iye tí ẹ ń san ní àlọ nìkan, n kò ní í kà á fún yín. Ẹ fi náírà 152 wé e, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹni tó ní náírà 153 ti bọ́ nínú ìṣẹ́.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ kò ṣòro. Wọ́n wo oúnjẹ tí mẹ̀kúnnù ń jẹ, wọ́n ṣírò iye tí yóò ná ènìyàn kí ara rẹ̀ tó rí agbára tó nílò, wọ́n wá bu iye kan lé e fún ohun tí kì í ṣe oúnjẹ. Ikùn ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní òyìnbó ló gbé e wá, ẹ sọ fún un pé Yorùbá ti sọ ọ́ ṣáájú: bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó pa òwe yìí, wọ́n mọ ebi ju àwa lọ. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ tòní, n kò gbà á mọ́. Ebi lè kúrò, kí owó ilé ìwòsàn wọlé, kí rẹ́ǹtì jókòó sí ipò ebi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn àwọn tó kọ́kọ́ ṣe kóńgò yìí, torí ó yẹ kí ẹ mọ̀ wọ́n. Ní 1899, Seebohm Rowntree, tí ìdílé rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ṣokoléètì ní ìlú York ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí wọ́n máa lọ sí ilé àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n béèrè iye tó ń wọlé fún wọn. Ó ṣírò pé bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta nílò ṣílè 21 àti pẹ́nì 8 lọ́sẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tó ná ṣílè rí mọ bí ó ti rí. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni pé ó fúnra rẹ̀ yí kóńgò rẹ̀ dojú dé. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ìdílé tó bá ń gbé lórí iye yìí kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ rárá, kò gbọ́dọ̀ ra ìwé ìròyìn, kò gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà ní ìdálẹ̀ torí kò sí owó sítáǹbù, kò gbọ́dọ̀ dá owó ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò gbọ́dọ̀ ran aládùúgbò lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé ẹ̀dá tó ń gbé ayé báyẹn kò sí. Ó fi ìlà sí ìsàlẹ̀ pátápátá kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó bù ú jù. Síbẹ̀, pẹ̀lú kóńgò kékeré yẹn, ó rí i pé owó tó ń wọlé fún bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn ará York kò tó o. Nígbà tó ka àwọn tí owó wọn ì bá tó bí wọn kò bá fi apá kan ná sí nǹkan mìíràn kún wọn, iye náà di 27.84 nínú 100. Ní ìlú tó ní ilé iṣẹ́ ńláńlá ni o, ní ilẹ̀ tó ń ṣe olórí ayé nígbà náà.

Ẹ ronú nípa ìdílé yẹn ní Ẹ̀pẹ́ wa níbí. Ẹ kò ní í lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ẹ kò ní í fún ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó fẹ́ ṣèdánwò ní kọ́bọ̀. Ẹ kò ní í dé ibi ìsọmọlórúkọ. Ta ló máa kí yín lẹ́yìn oṣù mẹ́ta? Òṣì ló ń jẹ́ ta ní mọ̀ ọ́ rí. Náírà 152 yẹn kò ní owó kí ènìyàn máa jẹ́ ènìyàn láàárín ènìyàn nínú.

Ẹnì kejì ni Mollie Orshansky, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Amẹ́ríkà. Láàárín 1963 sí 1965, ó mú iye tí ètò oúnjẹ tí owó rẹ̀ kéré jùlọ ń ná ìdílé, ó fi mẹ́ta sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí ìwádìí 1955 fi hàn pé ìdá kan nínú mẹ́ta owó ìdílé Amẹ́ríkà ló ń lọ sórí oúnjẹ. Oúnjẹ tó fi ṣe é, àwọn tó gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀ sọ pé ìgbà tí owó bá há nìkan ni kí ènìyàn fi gbé e, fún ìgbà díẹ̀. Ní 1969 ìjọba Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ìlà tó bófin mu, òun náà ni wọ́n sì ń lò títí di òní. Bí ọjà bá ti ń gbówó lórí ni wọ́n ń gbé e sókè, wọn kò pààrọ̀ kóńgò. Ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ká fi mẹ́ta sọ tiwa náà di púpọ̀. Ní Nàìjíríà, NBS rí i ní 2019 pé 56.65 nínú gbogbo 100 náírà tí àwọn ilé ń ná, oúnjẹ ló ń gbé e. Ẹni tí ó ju ààbọ̀ owó rẹ̀ lọ ń wọ inú ìkòkò, kí ló kù tí ẹ fẹ́ ṣírò?

Ẹ gbọ́ ti India, mo sọ ọ́ kíákíá. Ní oṣù kẹsàn-án 2011, àjọ tó ń ṣètò ọrọ̀ ajé fún ìjọba wọn sọ fún ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ pé ẹni tó bá ń ná rupee 32 lójúmọ́ ní ìlú, tàbí 26 ní abúlé, kì í ṣe òtòṣì. Ìlú dàrú. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní kí àwọn ọ̀gá àjọ náà fi rupee 32 gbé ọjọ́ kan ká wò. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àwọn ará India rí ìdí kóńgò. Àwa ńkọ́? Ta ló pariwo lórí náírà 376? Ká ní wọ́n kà á fún wa lójúmọ́ dípò lọ́dún ni, gbogbo ọjà Olúwo ni ì bá gbọ́.

Ìdí mìíràn tí mo fi ń sọ pé ká máa béèrè kóńgò nìyí. Ní ọdún 2012, NBS kan náà gbé ìwé jáde lórí ìwádìí 2010. Nígbà tí wọ́n fi ìlà oúnjẹ àti ohun kòṣeémánìí wọ̀n ọ́n, òtòṣì jẹ́ 60.9 nínú 100. Nígbà tí wọ́n fi ìnáwó ẹnì kan wé ti àwọn yòókù láwùjọ, ó di 69.0. Nígbà tí wọ́n wá bi àwọn ènìyàn fúnra wọn pé, “Ṣé òtòṣì ni yín?”, 93.9 nínú 100 ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìwádìí kan náà, ọdún kan náà. Kò sẹ́ni tó purọ́. Kóńgò mẹ́ta ni.

Ti dọ́là náà ńkọ́? Ní 1990 Báǹkì Àgbáyé ní dọ́là kan lójúmọ́. Ó di 1.25 ní 2008, 1.90 ní 2015, 2.15 ní 2022, ó sì di dọ́là 3 ní oṣù kẹfà 2025. Mo ń gbọ́ àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lórí rédíò tí wọ́n ń mú iye tí àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là ń tà á, tí wọ́n ń fi sọ 3 di púpọ̀, tí wọ́n ń pariwo pé èyí ni ìlà ìṣẹ́. Wọn kò kà á. Dọ́là yẹn kì í ṣe èyí tí ẹ ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là. Wọ́n kó irú ọjà kan náà jọ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, wọ́n wo iye tí yóò ná ènìyàn ní Nàìjíríà àti iye tí yóò ná an ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí iye náírà tó dúró fún dọ́là kan, ó sì kéré púpọ̀ sí ti ọjà dọ́là. Ẹni tó bá fẹ́ bá Báǹkì Àgbáyé jà, kó kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí: nígbà tí ìlà kúrò ní 2.15 tó di 3, bí mílíọ̀nù 125 ènìyàn ló kún àwọn òtòṣì ayé nínú ìwé. Kò sẹ́ni tí òkèlè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní òru ọjọ́ náà. Kóńgò ni wọ́n pààrọ̀.

Ibí yìí ni ìyá kan tó jókòó ní ìlà kẹta ti na ọwọ́. Ẹja ló ń yan. Mo ní kí wọ́n gbé gbohùngbohùn fún un, ó ní kò nílò rẹ̀.

“Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo jẹun lánàá, àwọn ọmọ ọmọ mi náà jẹ. Ìrẹsì tí a sè, àwìn ni mo gbà á. Ọ̀bọ̀kún tí mo yan lọ́sẹ̀ yìí, àwìn ni mo gbà á lọ́wọ́ apẹja. Igi tí mo fi yan án, àwìn ni. Àjọ tí mo kó, gbèsè tó ti wà nílẹ̀ ni mo fi san. Bí àwọn ọmọ ìjọba bá gbé ìwé wọn wá sí ilé mi, wọ́n á bá ìrẹsì lórí iná. Ṣé wọ́n á kọ mí sílẹ̀ pé mi ò tòṣì?”

Gbọ̀ngàn dákẹ́. Mo ní ojú-ewé mẹ́sàn-án lọ́wọ́, gbèsè kò sí nínú ìkankan wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi. Wọ́n á kọ yín sílẹ̀ pé ẹ kò tòṣì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ó yẹ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá dé ilé yín, wọn kì í sábà fi owó tó ń wọlé díwọ̀n yín. Ohun tí ẹ jẹ ni wọ́n ń béèrè. Láàárín ọjọ́ méje sẹ́yìn, ìrẹsì mélòó ni ẹ sè, gàárì mélòó, ẹja mélòó? Èyí tí ẹ rà mélòó, èyí tí ẹ kó láti oko tàbí odò tiyín mélòó, èyí tí wọ́n fi ta yín lọ́rẹ mélòó? Wọn á fi owó lé gbogbo rẹ̀ lórí. Àǹfààní wà nínú ìyẹn, n kò ní í fi dù wọ́n. Angus Deaton, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ jùlọ lórí ọ̀nà yìí, àlàyé rẹ̀ sì bá ti apẹja Ẹ̀pẹ́ mu. Owó apẹja kò dúró lójú kan. Oṣù kan wà tí àwọ̀n á kún fún epìyà àti àrọ̀, oṣù kan wà tí koríko ojú omi á dí ọ̀nà, tí ọkọ̀ kò ní í lè jáde. Bí wọ́n bá bi í ní owó tó wọlé lóṣù tó dára, á dàbí olówó, bí ó bá jẹ́ lóṣù tí kò dára, á dàbí alágbe. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ilé rẹ̀ kì í fò sókè fò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní nítorí náà, oúnjẹ ló ń sọ òtítọ́.

Ìyá yìí ti fi hàn wá ibi tí oúnjẹ ti ń parọ́. Ohun tó ń jẹ́ kí ìkòkò apẹja wà lójú kan nígbà tí odò kò rọgbọ ni àwìn. Àwìn, lójú ìwé yẹn, rírà ni. Ìrẹsì tí ẹ fi owó yín rà àti ìrẹsì tí ẹ máa san lóṣù méjì òní, bákan náà ni wọ́n kọ ọ́. Bí obìnrin méjì bá jọ jẹ dẹ́ríkà ìrẹsì kan, tí ọ̀kan fi èrè ọjà rà á, tí èkejì yá owó sọ̀gúndogójì rà á, ìlà ìṣẹ́ kò mọ ìyàtọ̀ wọn. Mo fi ojú ara mi wo irú ìwé ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Wọ́n sábà máa ń béèrè nípa owó yíyá ní ojú-ewé mìíràn. Ohun tí wọ́n bá rí ní ojú-ewé yẹn kì í dé ibi tí wọ́n ti ń fa ìlà.

Ó tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn tipẹ́ lórí owó ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá ka owó iṣẹ́ abẹ mọ́ ohun tí ènìyàn ná, ìdílé tó yá owó gba ẹ̀mí bàbá wọn là yóò dàbí ẹni tó là lọ́dún náà. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń yọ ọ́ kúrò. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, gbèsè tó bí ńkọ́? Ta ló ń san án, inú oúnjẹ ọdún wo ló sì ti ń jáde?

Àwọn baba ńlá wa mọ èyí. Wọ́n mọ ìwọ̀fà, ẹni tó ń sin olówó nítorí owó tí wọ́n yá tí wọn kò tíì san. Ìwọ̀fà lè jẹun yó, ó lè sanra, ó lè wọ ẹ̀wù. Kò sí ará ìlú tó máa wò ó kó ní ọkùnrin yìí ti bọ́ nínú ìṣẹ́, nítorí gbogbo ìlú mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ títí owó yẹn yóò fi tán nílẹ̀. Bí akọ̀wé ìṣirò òde òní bá dé ilé olówó rẹ̀, tó bá a nídìí àwo iyán, yóò kọ ọ́ sí òkè ìlà.

(Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ márúwá dìde, ó ka iye tó ń jábọ̀ lójúmọ́ fún ẹni tó ni kẹ̀kẹ́. Ìyá mìíràn ní gbèsè aṣọ iléèwé ọmọ òun ṣì wà nílẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Alága ní kí wọ́n jókòó. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ó gba ìṣẹ́jú tó pọ̀, n kò kábàámọ̀ rẹ̀.)

Àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè ìyá yìí gba àárín àwọn tó kù kọjá.

Ní oṣù kọkànlá 2022, NBS gbé kóńgò tuntun jáde tí kì í fi owó wọn nǹkan rárá. Àmì 15 ni wọ́n ń wò: oúnjẹ, ilé ìwòsàn tó jìnnà, ọmọ tí kò lọ sí iléèwé, omi, ilé ìyàgbẹ́, ohun tí a fi dáná, àìríṣẹ́ṣe, ààbò àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Pẹ̀lú rẹ̀, òtòṣì di mílíọ̀nù 133, 63 nínú 100. Èkó kúrò ní 4.5, ó di 29.4. Ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì gbìyànjú láti dé ẹkùn aṣòfin àgbà kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú, Ìbẹ́jú-Lẹ́kìí, Kòṣọ̀fẹ́ àti Ṣómólú ló jọ wà nínú tiwa. Ìyá mi, kóńgò yìí á rí igi ìdáná yín. Wọ́n ka fífi igi dáná mọ́ ìṣẹ́. Pé àwìn ni igi náà, kò ní í rí i. Gbèsè kò sí nínú àmì 15 yẹn.

Ìlà 2019 náà kò wúlò mọ́ fún owó òde òní. Láti 29 oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹ mọ ohun tí epo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi di. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kóńgò yẹn wọn gàárì ọdún yìí fún yín.

Ìwé orúkọ tí ìjọba fi ń pín owó ìrànwọ́ ni mo fẹ́ sọ kẹ́yìn, nítorí ìlà kì í pín owó, ìwé orúkọ ló ń pín in. Wọ́n máa ń pe àdúgbò jọ, kí àwọn ọkùnrin jókòó lọ́tọ̀, àwọn obìnrin lọ́tọ̀, àwọn ọ̀dọ́ lọ́tọ̀, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn dárúkọ àwọn tó ṣaláìní jùlọ. Nínú gbogbo ètò wọn, ibẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ tí àwìn ti lè wọlé, torí aládùúgbò mọ ẹni tó ń jẹ gbèsè nídìí iná. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá ka yàrá, wọ́n á wo òrùlé, wọ́n á béèrè tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á fi kọ̀ǹpútà to àwọn tí àdúgbò dárúkọ. Obìnrin tó fi páànù bo ilé nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé, páànù yẹn á máa jẹ́rìí lòdì sí i.

Ojú-ewé mẹ́rin ló kù tí n kò kà, n kò sì ní í kà á mọ́. Mo ti bẹ ìyá náà, ó sì ti gbà. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, a ó tún pàdé ní gbọ̀ngàn yìí kan náà. Ẹni tó bá ní ìwé àwìn, kó mú un dání. Ẹni tí kò kọ ọ́ sílẹ̀, kó jókòó ti ọmọ tó mọ̀wé kó kọ ọ́ fún un: ohun tó jẹ lọ́sẹ̀ kan, èyí tó fi owó ara rẹ̀ rà, èyí tó gbà láwìn, iye èlé orí rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa san án. Orúkọ ẹnikẹ́ni kò ní í wà níbẹ̀. Ti ìyá yìí ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. A ó kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ bí ìjọba ṣe ń ṣe é, a ó sì tún un ṣírò pẹ̀lú gbèsè, lójú gbogbo wa, lórí pátákó.